Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Rà Á: Ọ̀rọ̀ Lórí Hítà Sẹ́ńsọ̀ Ọ́síjìn Inú Ọkọ̀

Ohun tí a pè mí láti wá sọ̀rọ̀ lé lórí kò tóbi lójú rárá. Wáyà tín-ín-rín ni, tí wọ́n sin sínú irin kékeré kan tó wà lára sàléńsà ọkọ̀. Hítà ni à ń pè é. Mo gbà láti wá nítorí pé owó tí àwọn ará wa ń pàdánù lórí rẹ̀ ń dùn mí, tí mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú owó náà kò yẹ kó kúrò lápò ẹnikẹ́ni.

Gbogbo yín lẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Iná àwọ̀ ìyeyè tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Onímọ́tò gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì rẹ̀, wọ́n ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ náà sì gbé kóòdù jáde: P0135, tàbí P0031, tàbí P0141. Wọ́n rí i pé “oxygen sensor” wà nínú àlàyé rẹ̀. Kíá ni ọ̀gá ti sọ pé, “Dádì, sẹ́ńsọ̀ yín ti kú o.” Ó di Ládípọ̀ ní Mushin, ó di Gate ní Ìbàdàn. Wọ́n ra sẹ́ńsọ̀, wọ́n dè é, wọ́n pa iná náà. Kò pẹ́ kò jìnnà, iná tún tàn, kóòdù kan náà ló tún gbé jáde. Wọ́n á ní sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n rà kò dáa, wọ́n á tún lọ ra òmíràn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbà lónìí ni pé kóòdù yẹn kò dá sẹ́ńsọ̀ lẹ́bi. Ohun tí brainbox, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ń sọ ni pé iná tí òun ń retí lójú ọ̀nà hítà kò rí bó ṣe yẹ kó rí. Ọ̀nà yẹn sì gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti bátìrì, ó gba inú rílé àti fíúùsì kọjá, ó tọ wáyà dé sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wọ hítà fúnra rẹ̀, ó jáde, ó sì tọ wáyà mìíràn padà sọ́dọ̀ brainbox, nítorí brainbox ló ń dì í mọ́ nẹ́gátíìfù, tó sì ń tú u sílẹ̀. Ibi yòówù kó já nínú ọ̀nà yìí, irú kóòdù kan náà ni yóò jáde. Ẹni tó bá pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ nígbà tó jẹ́ pé fíúùsì ló jó ti náwó sí ibi tí àìsàn kò sí.

Kí ló dé tí sẹ́ńsọ̀ fi nílò hítà? Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tó ń ṣe ná. Kílò epo pẹtiróòlù kan nílò afẹ́fẹ́ tó tó kílò 14.7 kó tó lè jó tán pátápátá. Brainbox ń wá ìwọ̀n yìí ní gbogbo ìgbà, sẹ́ńsọ̀ inú sàléńsà ló sì ń sọ fún un bóyá ó ti bá a. Lẹ́nu sẹ́ńsọ̀ náà ni ife kékeré kan wà tí wọ́n fi amọ̀ zirconium mọ, tí wọ́n po yttrium díẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì fi platinum bò tinú tòde. Èéfín ọkọ̀ ń kan ìta ife náà. Afẹ́fẹ́ tí àwa náà ń mí ló wà nínú rẹ̀, ọ́síjìn sì jẹ́ ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ yẹn. Bí epo bá pọ̀ jù, tí ọ́síjìn fi wọ́n nínú èéfín, iná kékeré tó tó 0.8 tàbí 0.9 volt yóò yọ láàárín inú àti ìta. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, iná náà yóò wá sílẹ̀ sí 0.1 tàbí 0.2. Èyí ni brainbox ń kà tó fi ń dín epo kù tàbí tó fi ń bù kún un.

Àmọ́ amọ̀ yìí kì í ṣe ohunkóhun nígbà tó bá tutù. Ó gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ọ́síjìn tó lè gba ara rẹ̀ kọjá. Ìwà rẹ̀ yìí ti wà tipẹ́ kí ọkọ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ní 1897, Walther Nernst, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tó ń kọ́ni ní Göttingen, ṣe fìtílà iná mànàmáná kan láti inú irú amọ̀ yìí gan-an, zirconium àti yttrium. Fìtílà náà mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í tàn bí wọn kò bá kọ́kọ́ mú igi amọ̀ inú rẹ̀ gbóná, nítorí náà wọ́n fi hítà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkùnrin yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì ti ọdún 1920. Ìṣirò tó ṣe ní 1889 nípa bí iná ṣe ń yọ láàárín ibi tí nǹkan ti pọ̀ àti ibi tó ti kéré ni a ṣì fi ń ṣàlàyé sẹ́ńsọ̀ inú Corolla títí dòní. Inú mi máa ń dùn láti sọ èyí fún àwọn ọmọṣẹ́, kí wọ́n mọ̀ pé ìmọ̀ tó jinlẹ̀ gan-an ni ọwọ́ wọn ń tú mọ́ abẹ́ ọkọ̀.

Ilé-iṣẹ́ Bosch ti Jámánì ló kọ́kọ́ gbé sẹ́ńsọ̀ yìí jáde ní 1976, nínú ọkọ̀ Volvo tí wọ́n ń kó lọ sí Amẹ́ríkà, nítorí òfin èéfín Califọ́níà. Wáyà kan péré ló ní nígbà náà. Kò ní hítà, ooru èéfín ni wọ́n gbójú lé. Bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, ojú sẹ́ńsọ̀ fọ́ fún ìgbà pípẹ́. Bí ọkọ̀ bá dúró tó ń jó epo lójú kan, ó lè tún tutù. Ní 1982 ni Bosch gbé èyí tó ní hítà jáde, láti ìgbà náà ni sẹ́ńsọ̀ ti ń tètè jí. Nígbà tó di 1996, Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun máa ṣọ́ àwọn ohun tó ń dín èéfín olóró kù, títí kan hítà yìí, kí ó sì tan iná fún awakọ̀ bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣàìsàn. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà kún ojú títì wa. Òfin ibẹ̀ ló ń tan iná lójú dáṣíbọ́ọ̀dù yín ní Abẹ́òkúta.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ lọ́kàn: ṣebí ọkọ̀ ṣáà ń rìn? Òótọ́ ni, ó ń rìn. Nígbà tí brainbox kò bá gbọ́ ohùn sẹ́ńsọ̀, ìwọ̀n epo tí wọ́n ti kọ sínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ ló máa ń lò, epo náà sì sábà máa ń pọ̀ ju èyí tó yẹ lọ. Tó bá jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ti àtijọ́, èéfín lè mú un gbóná tó bá yá, kí ìpalára náà mọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò àti nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Toyota tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti bí ogún ọdún ó lé sẹ́yìn ni wọ́n fi oríṣi mìíràn sí níwájú, èyí tí wọ́n ń pè ní A/F sensor. Ti èyí yàtọ̀. Ó nílò ooru tó tó nǹkan bí 650 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èéfín nìkan kò sì lè fún un ní irú ooru yẹn kó sì dúró síbẹ̀. Bí hítà rẹ̀ bá kú, brainbox kò ní gbà á gbọ́ mọ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Epo yóò máa run, pílọ́ọ̀gì yóò máa dú, kátálísìtì tó ń fọ èéfín mọ́ nínú sàléńsà yóò máa gba epo tí kò jó tán sínú títí tí yóò fi gbóná ju agbára rẹ̀ lọ. Láti 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí epo tí à ń rà ní nǹkan bí 185 náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sí onímọ́tò kan nínú gbọ̀ngàn yìí tó yẹ kó máa da epo dànù tinútinú. Ẹ tún rántí àwọn tó ń kiri ọjà láàárín ọkọ̀, tí èéfín wa ń wọ̀ nímú láti òwúrọ̀. Wọn kò ní ọkọ̀, àmọ́ wọ́n ń jẹ nínú ìyà hítà tó kú.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọkọ̀ kan ká yẹ̀ ẹ́ wò. Camry tí à ń pè ní Big Daddy ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.4, kóòdù tó gbé jáde ni P0031. Wọ́n ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, iná kò kú. Ọ̀rọ̀ náà ti sú ẹni tó ni ín.

Kó tó di pé a kan nǹkan kan, a kọ gbogbo kóòdù sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìwọ̀n tí brainbox fi pamọ́ nígbà tí àṣìṣe náà ṣẹlẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yẹ ọkọ̀ wò ló máa ń pa kóòdù rẹ́ kí wọ́n tó kà á tán, ohun tí wọ́n pa rẹ́ yẹn sì jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ wo iye kóòdù hítà tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ti iwájú àti ti ẹ̀yìn bá yọ lọ́jọ́ kan náà, ẹ má ṣe fọwọ́ kan sẹ́ńsọ̀ rárá. Ó ṣòro kí hítà méjì kú pọ̀, ó sì rọrùn kí fíúùsì tàbí rílé tí àwọn méjèèjì jọ ń lò kú.

Ẹ mọ èyí tí kóòdù ń tọ́ka sí. Sensor 1 ni èyí tó wà ṣáájú kátálísìtì, Sensor 2 ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bank 1 ni apá tí sílíńdà àkọ́kọ́ wà. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin kò fa wàhálà. Nínú Toyota V6 tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí ìbú, bíi Sienna àti Highlander, Bank 1 ni apá tó sún mọ́ ògiri ibi tí awakọ̀ wà, Bank 2 ló kọjú sí rédíétọ̀. Ti Bank 2 yẹn ni ọwọ́ máa ń tètè tó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ti Bank 1 ló ń ké.

Fíúùsì ni àkọ́kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, èyí tí wọ́n kọ A/F sí wà nínú àpótí ìdí ẹ́ńjìnnì. Ojú nìkan kò tó láti fi wò ó, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Tí ó bá jó, ẹ bi ara yín léèrè ohun tó jó o kí ẹ tó fi òmíràn sí i, nítorí wáyà tó bó tó ń kan bọ́dì tàbí hítà tó ti dà pọ̀ nínú sẹ́ńsọ̀ lè jẹ èyí tuntun pẹ̀lú. Mo bẹ ẹ̀yin rìwáyà lórí ọ̀rọ̀ yìí: ẹ dẹ́kun fífi wáyà so ojú fíúùsì tó jó. Wáyà yẹn kì í já nígbà tó yẹ kó já. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lọ́jọ́ tí iná bá pọ̀ jù lójú ọ̀nà yẹn, ọkọ̀ odindi ló máa jó, pẹ̀lú ọmọ tó bá ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

Fíúùsì Camry wa dára. A bọ́ sí orí hítà fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ kúrò, kí ẹ sì gbé mítà sí ojú ohm, èyí tí a fi ń wọn bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́wọ́. Lára sẹ́ńsọ̀ Denso tí Toyota ń lò, wáyà dúdú méjì ni ti hítà. Búlúù àti funfun ni ti ìròyìn tó ń lọ bá brainbox. Lára ti Bosch, funfun méjì ni ti hítà. Kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ fi ẹnu mítà méjèèjì kan ara wọn, kí ẹ wo iye tó kọ, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú èsì yín. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí hítà A/F sensor kì í ju nǹkan bí 1.8 sí 3.4 ohm lọ tó bá tutù. Bí ẹnu mítà bá ti jẹ ìdajì ohm, ó ti tó láti ṣì yín lọ́nà. Sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ kan náà ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí 11 sí 16. Tí mítà kò bá rí ọ̀nà kankan gbà, hítà ti já, sẹ́ńsọ̀ ti kú lóòótọ́, ẹ lè lọ sọ́jà. Tí ó bá kọ òdo tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òdo, ó ti dà pọ̀. Ẹ tún fi ẹnu mítà kan sára irin sẹ́ńsọ̀ náà, kí ẹ fi ìkejì kan wáyà dúdú kọ̀ọ̀kan: kò gbọdọ̀ sí ọ̀nà láàárín wọn.

Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n fi sí Camry yìí kọ 2.4. Kò ní àìsàn kankan. Mo fura pé èyí tí wọ́n yọ sọnù náà lè máà ní.

Ó wá ku ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́, kí ẹ wá iná bátìrì ní ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti ara ọkọ̀ wá. Mítà kọ 12 volt. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ rìwáyà tó mọṣẹ́ ti máa ń ṣubú, nítorí mítà kò gba iná kankan lọ́wọ́ wáyà tó ń wọ̀n. Wáyà tó ti bó tán, tó ku irun kan ṣoṣo, yóò fi 12 hàn yín láìkù síbì kan. Ṣùgbọ́n hítà olóhm méjì àbọ̀ ń fẹ́ iná tó súnmọ́ ampere márùn-ún nígbà tó bá tutù. Irun kan kò lè gbé e. Nítorí náà, ẹ fi iṣẹ́ lé wáyà náà lórí: ẹ gbé gílóòbù onísígínà tó jẹ́ 21 watt, ẹ so ó mọ́ ẹnu tí iná ti ń wá àti nẹ́gátíìfù bátìrì. Tí ó bá tàn rokoṣo, ọ̀nà dára. Ti Camry yìí ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn, ó pọ́n, kò mọ́lẹ̀. A ti rí i.

A tọ wáyà náà láti sọ́kẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn. Níbi tó gba ẹ̀gbẹ́ sàléńsà kọjá, irin kékeré tó yẹ kó dì í mú kó má bàa kan ibi gbígbóná kò sí mọ́. Wọ́n ti sọ gíà ọkọ̀ náà kalẹ̀ rí, ẹni tó gbé e padà kò dá irin yẹn padà sáàyè rẹ̀. Wáyà ti sùn lé irin gbígbóná, rọ́bà rẹ̀ ti yọ́, bàbà inú rẹ̀ ti jẹ. Ohun tó ba ọkọ̀ náà jẹ́ nìyẹn. Wáyà gígùn ìka ọwọ́ kan àti irin ìdè kan ló wò ó sàn, lẹ́yìn tí owó sẹ́ńsọ̀ odindi ti lọ.

Ká ní gílóòbù tàn dáadáa ńkọ́? À bá yẹ ọ̀nà ìpadàbọ̀ sí brainbox wò. Fún èyí, gílóòbù kékeré tó jẹ́ 5 watt ni kí ẹ lò, kí ẹ má bàa fi ẹrù wúwo pa brainbox. Ẹ so ó mọ́ ẹnu tí iná ti ń wá àti ẹnu kejì hítà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, kí ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kó máa tàn, tàbí kó máa ṣẹ́jú, nítorí brainbox ń tan hítà ó sì ń pa á léraléra ni. Tí kò bá tàn, ẹ wọn wáyà náà láti sọ́kẹ́ẹ̀tì dé ẹnu brainbox kí ẹ tó dá brainbox lẹ́bi. Nínú gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀nà yìí, òun ló yẹ kó gbẹ̀yìn nínú ìfura, òun náà ló sì wọ́n jù.

Nípa jíjó wáyà, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ lòdì sí ohun tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ wa. Mo ti sọ pé afẹ́fẹ́ mímọ́ ló wà nínú ife amọ̀ sẹ́ńsọ̀. Ọ̀nà wo ló ń gbà débẹ̀? Nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀, àárín irun wáyà sẹ́ńsọ̀ náà gan-an ló ń gbà wọlé, lábẹ́ rọ́bà. Bí ẹ bá gé wáyà ara sẹ́ńsọ̀, tí ẹ sì fi òjé jó o pọ̀, òjé ti dí àyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Bí ẹ bá da gíríìsì sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, bákan náà ni. Sẹ́ńsọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́, ẹ kò sì ní mọ ohun tó fà á. Tó bá di dandan láti so wáyà sẹ́ńsọ̀, irin ìsopọ̀ tí a ń fi ẹ̀mú tẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ fi rọ́bà tó ń sún bò ó.

Omi tún jẹ́ ọ̀tá amọ̀ yìí. Hítà ń mú un gbóná kọjá ooru tí à ń fi dín àkàrà lọ́pọ̀ ìgbà. Bí omi tútù bá ta sí i nígbà yẹn, ó lè sán. Àwọn tó ń wakọ̀ la àgbàrá òjò kọjá ní Lẹ́kí mọ̀ pé lẹ́yìn ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni iná dáṣíbọ́ọ̀dù máa ń tàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rọ omi alágbára fọ ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì gbóná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó tutù ná, kí ẹ sì fi nǹkan bo àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Àwọn ohun tí mo ń rí mìíràn kò dára rárá, n ò sì ní fi bò. Àwọn kan máa ń yọ gílóòbù iná náà kúrò lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kí wọ́n tó ta ọkọ̀. Àwọn kan máa ń so irin ìdíwọ́ kan mọ́ ojú ọ̀nà hítà kí brainbox lè rò pé hítà wà níbẹ̀. Àwọn kan gé kátálísìtì tà nítorí platinum, palladium àti rhodium inú rẹ̀, wọ́n wá so sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ohun tí kò wúlò. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀, ẹni tó ra ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń san owó irọ́ náà nílé epo lójoojúmọ́.

Bó bá wá dájú pé sẹ́ńsọ̀ ló kú, ẹ ṣọ́ra lọ́jà. A/F sensor àti sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ti àtijọ́ jọra bí ìbejì lójú: wáyà mẹ́rin mẹ́rin, ẹnu kan náà, sípánà 22 kan náà. Ẹ kò lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ló máa sọ èyí tó jẹ́ ti yín: tí ẹ bá rí A/FS níbẹ̀, A/F sensor ni; HO2S ni ti àtijọ́ tó ní hítà. Tó bá jẹ́ Bẹ́líjíọ̀mù, ìyẹn àlòkù, lẹ fẹ́ rà, ẹ mú mítà lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wọn hítà rẹ̀ níṣojú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Hítà nìkan lèyí ń yẹ̀ wò o, kò sọ bí amọ̀ inú rẹ̀ ṣe rí, ṣùgbọ́n ó ń gbà yín lọ́wọ́ òkú pátápátá.

Dídè é kò le. Ẹ fọwọ́ yí i wọlé kí ẹ tó fi sípánà kàn án, kí wáyà rẹ̀ má lọ́. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ yín sórí kọ́ńkéré, ẹ kà á sí èyí tó ti fọ́. Ọ̀rá tó ń dènà ìdípẹtà gbọ́dọ̀ mọ sára ìlà ẹnu rẹ̀, kò gbọdọ̀ kan orí rẹ̀. Ẹ má ṣe lo gọ́ọ̀mù sílíkóònù èyíkéyìí lára sàléńsà, èéfín rẹ̀ ń pa platinum. Òjé inú epo náà ń pa á bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà yóò rántí pé epo olójé ni gbogbo wa ń rà tẹ́lẹ̀, kí ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Dakar lọ́dún 2001 tó fẹnu kò láti lé e kúrò ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, kó tó di pé ó dópin ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006. Bí kò bá sí ìpinnu yẹn, kò sí sẹ́ńsọ̀ tí ì bá pẹ́ lórílẹ̀-èdè yìí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá parí, ẹ pa kóòdù rẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sun ibẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá ni ìdánwò gidi. Ẹ tan án, kí ẹ wo ìròyìn sẹ́ńsọ̀ lójú ẹ̀rọ: ó yẹ kó jí kíákíá, kí brainbox sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná tán. Ọ̀gá tó bá gbé ọkọ̀ fún oníbàárà lọ́jọ́ tó tún un ṣe, lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, kò tíì mọ̀ bóyá ó ti ṣe é.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún ẹ̀yin onímọ́tò, nítorí gbogbo ẹ̀bi yìí kò sí lọ́rùn mẹkáníìkì nìkan. Ẹ̀ ń sanwó sẹ́ńsọ̀ láìjiyàn, ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá fi wákàtí méjì wọn wáyà, tó sì sọ pé kí ẹ san owó àyẹ̀wò, ẹ ó ní kí ló rà? Ìdí nìyẹn tó fi ń ta ọjà fún yín dípò kó wọn nǹkan: inú ọjà lowó rẹ̀ wà. Babaláwo tó mọṣẹ́ kì í yan ẹbọ kó tó dá Ifá, ẹni tó wá bá a kì í sì í bínú pé owó ìdáfá wà lọ́tọ̀, ti ẹbọ wà lọ́tọ̀. Ẹ san owó àyẹ̀wò fún ẹni tó bá yẹ ọkọ̀ yín wò, kódà bó bá jẹ́ fíúùsì lásán ló rí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ra sẹ́ńsọ̀, ẹ bi í pé, “Ohm mélòó lẹ wọ̀n?” Ẹ dúró gbọ́ èsì rẹ̀ kí ọwọ́ yín tó wọ àpò.

Ẹ̀yin ọ̀gá, mítà kan tó dára, gílóòbù 21 watt kan àti kékeré 5 watt kan kò tó owó sẹ́ńsọ̀ A/F kan ṣoṣo. Ẹ rà wọ́n sí ṣọ́ọ̀bù yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì fi wọ́n sọ́wọ́ ọmọṣẹ́ tó kéré jù, kó máa fi kọ́ bí a ṣe ń wá àìsàn.